Ẹni Tó Fẹ́ Wọkọ̀ Kì í Wo Òkun

Iṣẹ́ tí mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì ṣòro láti ṣàlàyé fún àwọn ará Pobẹ̀. Bí mo bá ní mo ń wo òkun, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Bí mo bá ní nítorí hẹlikọ́pítà ni mo ṣe ń wò ó, wọ́n á ní kí n tún un sọ. Ọkùnrin kan tí a jọ lọ sí ilé ìwé nígbà kékeré bi mí níwájú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ pé:

"Ìjọba wo ló ń sanwó fún ẹni tó ń wo omi?"

Mo ní kì í ṣe ìjọba.

"Ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ," ni ó wí, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Orí pèpéle irin kan ni mo ti ṣiṣẹ́, lójú òkun Gábọ̀n, níbi tí wọ́n ti ń fa epo láti abẹ́ ilẹ̀ ìsàlẹ̀ omi. Ẹsẹ̀ irin gígùn gígùn ló gbé pèpéle náà dúró, omi ló sì yí i ká títí dé ibi tí ojú lè rí dé. A máa ń lo bí oṣù kan níbẹ̀, a ó sì lo bí oṣù kan nílé. Hẹlikọ́pítà ló ń gbé wa lọ, òun náà ló ń gbé wa bọ̀. Kí ó tó gbéra létíkun, awakọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ ohùn wa lórí rédíò: bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́, bí ìkùukùu ṣe wà, àti bí ìgbì ṣe ga tó. Èmi ni mo máa ń sọ ọ́ fún un.

Òfin tó de ọ̀rọ̀ ìgbì yìí rọrùn, síbẹ̀ ó máa ń pẹ́ kí ó tó yé ènìyàn. Hẹlikọ́pítà lè fò kọjá lórí ìgbì tó ga bí ilé, ìgbì náà kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ rẹ̀ bá kú lójú ọ̀nà, inú omi ni yóò sọ̀ sí. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ á máa léfòó nínú ẹ̀wù tí a fún wọn fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì máa retí ọkọ̀ adóòlà. Ọkọ̀ adóòlà yìí kì í jìnnà sí pèpéle. Ọkọ̀ kékeré kan so mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n máa ń fi okùn sọ̀ kalẹ̀ sójú omi, òun ló ń lọ fa ènìyàn jáde. Bí ìgbì bá ti ju mítà mẹ́ta lọ, wọn kò lè sọ ọkọ̀ kékeré náà kalẹ̀ mọ́, nítorí ìgbì á gbá a mọ́ ara ọkọ̀ ńlá, á sì pa àwọn tó fẹ́ lọ gba ẹlòmíràn là. Nítorí náà, bí òkun bá ti kọjá mítà mẹ́ta, hẹlikọ́pítà kò ní gbéra, bí ojú ọ̀run tilẹ̀ mọ́ kedere. A kì í bèèrè bóyá ọkọ̀ lè fò. Ohun tí à ń bèèrè ni pé bí ó bá jábọ́, ta ni yóò lọ kó wọn?

Nínú gbogbo àwọn tí mo ti ṣàlàyé èyí fún nílé, ìyàwó mi nìkan ni kò ní kí n tún un sọ. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Bàbá mi kì í gun ọ̀pẹ lọ́jọ́ ọjà Sakété," ni ó wí.

Takọn ni wọ́n ti bí i, bàbá rẹ̀ sì ń gun ọ̀pẹ títí ọjọ́ ogbó fi dé sí i. Mo bi í bóyá èèwọ̀ ni.

"Èèwọ̀ wo? Gbogbo abúlé ti lọ sọ́jà. Bí igbà bá já mọ́ ọn nídìí, ta ni yóò gbọ́ igbe rẹ̀? Adìyẹ?"

Láti ìgbà náà, bí ẹni tuntun bá dé orí pèpéle, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo fi ń kọ́ ọ ní òfin. Faransé ni mo máa ń fi sọ ọ́, mo sì máa ń yọ adìyẹ kúrò níbẹ̀, nítorí kì í dùn ní Faransé.

A kì í ṣàdédé wo ìgbì. Ẹ̀rọ kan wà tó ń léfòó tí ó yẹ kó máa wọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n okùn rẹ̀ ti já, a sì ń retí òmíràn. Ojú là ń lò. Wọ́n kun ilà sára ẹsẹ̀ irin kan, ilà pupa sì ni ti mítà mẹ́ta. A ó dúró síbi ọwọ́ irin lókè, a ó máa wo bí omi ṣe ń gun ilà náà tó sì ń sọ̀ kalẹ̀. Kì í ṣe ìgbì kan tó ga jù lọ là ń mú, bẹ́ẹ̀ ni a kì í ka àwọn kékeré. Àwọn ńlá inú wọn là ń wò, a ó sì mú àárín wọn. Ó ń gba sùúrù. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá balẹ̀ kò lè ṣe é dáadáa.

Àwọn àgbà tí mo bá lórí pèpéle mọ èyí, wọ́n sì ti dá àṣà kan sílẹ̀ tí n kò rí nínú ìwé òfin kankan. Ẹni tí hẹlikọ́pítà fẹ́ wá gbé lọ sílé kò ní wo òkun fún ìrìn náà. Ẹlòmíràn ni yóò bá a wò ó. Wọ́n ní ojú ẹni tí ilé ń pè máa ń rí ìgbì ní kúkúrú. Kì í ṣe pé onítọ̀hún fẹ́ purọ́. Ó ti kó àpò rẹ̀, ó ti ń rí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, ìgbì tó bá sì ga, á ní ẹyọ kan ni, kò ní pẹ́ kọjá. Èmi náà tẹ̀ lé àṣà yìí láti ìgbà tí mo ti dé ibẹ̀. Bí ọjọ́ ìlọsílé mi bá pé, ọkùnrin ará Tógò kan tó ń wa ẹ̀rọ ìgbẹ́rù ló máa ń bá mi wò ó. Ó dàgbà jù mí lọ díẹ̀. Mínà ni èdè rẹ̀, mo sì gbọ́ Gùn. Èdè méjèèjì sún mọ́ra tó fún wa láti bú ara wa láìsí ògbufọ̀.

Ìyàwó mi ṣàìsàn. Inú ló kọ́kọ́ ń dùn ún. Àwọn dókítà yẹ̀ ẹ́ wò ní Àjàṣẹ́, wọ́n ní kí a lọ sí Kútọnù, àwọn ti Kútọnù sì fi sùúrù ṣàlàyé fún wa pé ó ti kọjá ohun tí wọ́n lè gé kúrò. Wọ́n fún un ní oògùn ìrora. Wọn kò tan wá jẹ, mo sì dúpẹ́ fún ìyẹn. Nígbà tí àsìkò iṣẹ́ mi tún pé, mo ní n kò ní lọ. Òun ló ní kí n lọ.

"Ẹ ò lè bá mi rù ú," ni ó wí. "Ẹ kàn ń jókòó tì mí, ẹ ń wò mí bíi pé ìgbì ni mí."

Mo lọ. Ó kó lọ sí Sakété, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń ta gàrí. Obìnrin yìí ti pẹ́ nínú ìjọ aláṣọ funfun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Ó lágbára, ohùn rẹ̀ máa ń dé ìta kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. A bọ̀wọ̀ fún ara wa gẹ́gẹ́ bí àna, a kì í sì í pẹ́ jù lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ní ọ̀sán, lẹ́yìn oúnjẹ, màá pè wọ́n. Ẹ̀gbọ́n á kọ́kọ́ gbé e, á bi mí léèrè àlàáfíà, kó tó gbé fóònù náà sí àbúrò rẹ̀ létí.

"Olókun," ni ìyàwó mi máa ń wí. Òun nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀, ẹ̀fẹ̀ ni. "Báwo ni omi yín lónìí?"

Mo máa ń sọ fún un. Ó máa ń fẹ́ gbọ́ ọ ní mítà.

Ní ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n kò gbé fóònù náà fún un. Ó rìn jáde sí àgbàlá, mo gbọ́ ariwo ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, èyí tí n kò gbọ́ rí.

"Àna mi, ó ti ń yí padà. Kì í jẹun mọ́. Ẹ máa bọ̀."

Mo lọ bá ọ̀gá wa lórí pèpéle. Kò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ní hẹlikọ́pítà tó bá kọ́kọ́ dé ni kí n wọ̀. Ó pè létíkun, wọ́n bá mi wá àyè sínú èyí tó ń bọ̀ lọ́la. Bí mo bá gbéra ní òwúrọ̀, mo lè wọ bàálù Kútọnù ní ọ̀sán, kí n sì dé Sakété kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìyàwó mi ṣì ń sọ̀rọ̀, ó ṣì mọ ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Ohun tí mo ń fẹ́ kò ju pé kí n bá a láàyè.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, òkun ti yí padà. Kò sí ìjì lọ́dọ̀ wa. Atẹ́gùn kò lágbára tó láti mi aṣọ tí a sá. Ojú omi ń dán bí epo, ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ ń gbéra, ó ń sọ̀ kalẹ̀, gbọọrọ, láìsí ìfóòfó. Ìgbì báyìí kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Ìjì kan ní ìsàlẹ̀ ayé, níbi tí òtútù wà, ló ti lù ú, ó sì rin òkun já kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn tó ti ibi tí kò sí òkun wá kì í gbà pé ó léwu, nítorí kò pariwo.

Ará Tógò ló wò ó fún mi. Ó pẹ́ níbi ọwọ́ irin náà. Nígbà tó padà dé, kò wò mí lójú. Ó sọ fún etíkun pé ó kọjá ààlà, wọ́n sì ní ó di ọ̀la. Ọ̀la náà rí bẹ́ẹ̀.

Mo pe Sakété.

"Ẹ gbọ́, àna," ni ẹ̀gbọ́n wí, "ṣé inú omi ni ọkọ̀ òfurufú yín ń gbà ni?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n. Òkè ló ń gbà."

"Òkè ńkọ́? Ṣé òjò ń rọ̀ níbẹ̀?"

"Kò rọ̀."

"Afẹ́fẹ́?"

"Kò sí afẹ́fẹ́ kan tó tó nǹkan."

"Ohun tó ń gba òkè, tí òkè sì mọ́, kí ló kàn án pẹ̀lú omi ìsàlẹ̀? Bí mo bá gun alùpùpù zẹ́mì lọ sí Pobẹ̀, tí a bá dé orí afárá, ṣé mo máa ń bèèrè lọ́wọ́ ẹja bóyá kí a kọjá?"

Mo gbọ́ ohùn ìyàwó mi lẹ́yìn, ó rẹlẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ gbé e wá fún mi."

"Mi ò tíì parí. Àna, mo dúró sí ìta báyìí. Mo gbójú sókè. Kò sí ìkùukùu kan lójú ọ̀run Sakété."

Àkókò ọ̀gbẹlẹ̀ kékeré àárín òjò méjì ni. Òótọ́ ló sọ. Ní ìlú wa, ojú ọ̀run ni gbogbo ènìyàn ń wò. Òun là ń bi bóyá ká sá ẹ̀gẹ́, bóyá ká gbin àgbàdo, bóyá ká lọ sí Ìta-Jẹ̀bú lórí ọ̀nà ẹlẹ́rọ̀fọ̀. Kò sí ẹni tó ní ìdí láti bi omi tí kò rí rí léèrè ohunkóhun. N kò bínú sí i. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kékeré náà fún un, ṣùgbọ́n mo gbọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, ó dà bí àwáwí. Ó ní ó dára, ó gbé fóònù náà fún àbúrò rẹ̀.

"Mítà mélòó?" ni ìyàwó mi bi mí.

"Mẹ́rin, ó kù díẹ̀."

"Ó ga."

"Ó ga."

"Kí ni ẹ jẹ?"

Mo ní ìrẹsì àti ẹja. Ó ní àwọn tó ń gbé orí òkun tí wọ́n tún ń ra ẹja inú yìnyín, orí wọn kò pé. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà sì dùn ún.

Ní òwúrọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo tètè jí, mo sì lọ síbi ọwọ́ irin. Kò yẹ kí n lọ. Mo sọ fún ara mi pé atẹ́gùn ni mo fẹ́ gbà. Mo wo ẹsẹ̀ irin náà fún ìgbà pípẹ́. Omi gun ilà pupa, ó bò ó mọ́lẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún gùn ún, ó tún bò ó. Ó ti rẹlẹ̀ ju ti àná lọ, ṣùgbọ́n kò tíì rẹlẹ̀ tó. Mo wọlé lọ gbé àpò mi, nítorí a ti ní kí àwọn tó fẹ́ lọ sílé wà ní ìmúrasílẹ̀, mo sì jókòó sí yàrá rédíò. Ará Tógò wọlé lẹ́yìn tí òun náà ti lọ wò ó. Ó gbé ẹnu rédíò, ó sì ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe yẹ: afẹ́fẹ́ kò tó nǹkan, ìkùukùu wà lókè réré, ìgbì mítà méjì àti ààbọ̀.

Ohùn awakọ̀ dáhùn láti etíkun. Inú rẹ̀ dùn. "A gbọ́. A ti ń kó èrò. A ń bọ̀."

Ọkọ̀ náà kì í wá lófìfo. Àwọn tó fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa ni yóò kó bọ̀, yóò sì kó àwa tó ń lọ sílé padà. Mo ní:

"Ìgbì yẹn ju mẹ́ta lọ."

Ará Tógò fi rédíò sílẹ̀. "Ta ló bi ọ́?"

"Mo wò ó."

"O kò gbọdọ̀ wò ó lónìí. O mọ àṣà wa. Tìrẹ kò kà, tèmi ló kà. Gbé àpò rẹ, kí o lọ wọ ẹ̀wù ìléfòó."

"Ṣé ìwọ náà rí méjì àti ààbọ̀?"

Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́. "Ó ń rọlẹ̀. Kí wọ́n tó dé, yóò ti rọlẹ̀ tán. Ìrìn kan ṣoṣo ni. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lójoojúmọ́ ni. Ìgbà wo ni ọkọ̀ kankan jábọ́ níbí?"

"Kò jábọ́ rí."

"Ó dára. Ìyàwó rẹ ń dúró dè ọ́."

"Mo mọ̀."

"O kò mọ̀! Bí o bá mọ̀, wàá ti dákẹ́."

Mo ní àṣà wa sọ pé ojú ẹni tó fẹ́ lọ sílé máa ń rí ìgbì ní kúkúrú. Ojú tèmi ló fẹ́ lọ sílé jù lórí pèpéle náà, síbẹ̀ ojú náà rí i pé omi bo ilà pupa.

Ó wo rédíò, ó wo èmi, ó sì ti ẹnu rédíò náà sí mi lórí tábìlì. "Ìwọ ni kí o sọ ọ́," ni ó wí. "Ẹnu tèmi kò ní sọ ọ́." Ó jáde.

Mo sọ ọ́. Mo ní kí wọ́n dúró, pé a ti tún ìgbì wò, ó ju mítà mẹ́ta lọ, ọkọ̀ adóòlà kò sì ní lè sọ ọkọ̀ kékeré rẹ̀ kalẹ̀. Awakọ̀ náà bi mí pé:

"Ta ló ń sọ̀rọ̀?"

Mo sọ orúkọ mi fún un.

"Ṣé kì í ṣe ìwọ ni wọ́n ní kí n rí i dájú pé mo gbé lónìí?"

"Èmi ni."

"A gbọ́," ni ó wí níkẹyìn. "A kò ní gbéra."

Àwọn tó yẹ kí a jọ lọ sílé bínú. Ẹnì kan sọ àpò rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n rò pé ará Tógò ló wo òkun bó ṣe máa ń wò ó, kò sì sí ẹni tó já irọ́ náà fún wọn.

Ní ọ̀sán mo pe Sakété, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó mi. N kò lè sọ ìdí tí mo fi sọ ọ́. A kì í fi nǹkan pa mọ́ fún ara wa lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, bóyá òun nìkan náà ni ìdí. Ó gbọ́ mi títí. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

"Àwọn mélòó ni ì bá wà nínú rẹ̀?" ni ó bi mí.

Mo sọ iye wa fún un.

"Ẹ mọ̀ wọ́n?"

"Mo mọ díẹ̀ nínú wọn. Àwọn tó ń bọ̀, n kò mọ̀ wọ́n."

Ó sinmi. Lẹ́yìn náà ó ní, "Èmi ì bá dákẹ́."

Mo gbé fóònù náà sí etí kejì.

"Olókun," ni ó wí, "mo ní èmi ì bá dákẹ́ ni. Mi ò sọ pé kí ẹ dákẹ́. Ẹ má bá mi bínú."

Mo ní n kò bínú. Ó bi mí bóyá mo ti jẹun. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ti ń fi agbára fún òun ní ẹ̀kọ, bíi pé ọmọ ọwọ́ ni òun, àti pé bí mo bá dé kí n bá òun kìlọ̀ fún un. Ẹ̀gbọ́n pariwo lẹ́yìn pé ẹnikẹ́ni kò lè kìlọ̀ fún òun nínú ilé òun. A sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

Ó kú kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ẹ̀gbọ́n ló pè mí. Kò sọ ju gbólóhùn kan lọ.

Òkun rọlẹ̀ ní ọjọ́ náà. Ará Tógò wò ó, ó ní méjì, méjì sì ni lóòótọ́. Hẹlikọ́pítà dé, ó gbé wa, ó sì balẹ̀ létíkun láìsí ohun kan tó ṣẹlẹ̀. Láti ojú fèrèsé mo rí ọkọ̀ adóòlà nísàlẹ̀, ọkọ̀ kékeré rẹ̀ so mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó kéré bí ohun ìṣeré. Mo wọ bàálù Kútọnù. Mo gba Àjàṣẹ́ kọjá nínú ọkọ̀ èrò, awakọ̀ náà sì ń bá ẹni tó jókòó tì í jà lórí bọ́ọ̀lù ní èdè Gùn, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo dé Sakété nígbà tí àwọn ìjọ ẹ̀gbọ́n ti pé jọ láṣọ funfun, láìwọ bàtà, wọ́n ń kọrin.

Wọ́n ti dúró dè mí kí wọ́n tó sin ín. Ẹ̀gbọ́n ní kí n kú ìrìn. Kò sí ẹ̀gàn nínú ohùn rẹ̀, kò sì sí ohun mìíràn. Ìgbà tí a sin ín tán, ó wá dúró tì mí.

"Ọ̀run mọ́ ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, àna," ni ó wí.

"Òkun ni kò gbà, ẹ̀gbọ́n."

Ó mi orí. Ó lọ bá àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ìdáhùn tí mo fún un kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò pé. Òun gbà pé ohun kan lójú omi ló dá mi dúró, ohun tí kò lójú tí kò sì létí. Kò mọ̀ pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tó sọ̀rọ̀.

Mo fẹ̀yìn tì. Mo padà sí Pobẹ̀. Mo tún òrùlé ṣe, mo gbin ọsàn díẹ̀ sẹ́yìn ilé, mo máa ń kàwé ní òwúrọ̀ nígbà tí ojú mi ṣì dára. Aṣọ ìyàwó mi wà nínú àpótí, n kò ṣí i. Àṣà wa ni pé àwọn ọmọ ìyá òkú ló ń wá pín aṣọ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n kò sì tètè wá. Ó dà bí ẹni pé òun náà ń sún un síwájú. Nígbà tó wá níkẹyìn, òun nìkan ló wá, lórí zẹ́mì, pẹ̀lú àpò gàrí kan tó gbé sórí ẹsẹ̀.

A gbé àpótí náà jáde sí yàrá ìgbàlejò. Ó ń ṣí aṣọ kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ ọjọ́ tí àbúrò rẹ̀ rà á àti ẹni tó rẹ́ ẹ jẹ lórí rẹ̀. Ó dé orí aṣọ kan tí àbúrò rẹ̀ yá lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀, tí kò sì dá a padà.

"Olè," ni ó wí fún aṣọ náà, pẹ̀lú ìfẹ́.

Bóyá ohùn yẹn ló mú mi sọ ọ́. Mo ní:

"Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ kẹta yẹn, ọkọ̀ fẹ́ wá. Ó ti fẹ́ gbéra. Èmi ni mo ní kí ó má wá."

Ó dá ọwọ́ dúró. Mo sọ ìyókù fún un bó ṣe rí, láti ibi tí mo ti jí lọ wo ilà pupa títí dé ibi tí awakọ̀ ti ní òun kò ní gbéra mọ́. N kò gbé e ga, n kò sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

"Ṣé ó mọ̀?" ni ó bi mí.

"Mo sọ fún un lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ wà nítòsí, ṣùgbọ́n etí tirẹ̀ nìkan ni fóònù wà."

"Kí ló wí?"

"Ó ní òun ì bá dákẹ́."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. "Òun ni yẹn," ni ó wí. "Òun gan-an ni yẹn." Ó fi aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nu ojú, kò bìkítà pé ti òkú ni. Ó tún bi mí pé:

"Àwọn tí wọn ì bá wà nínú ọkọ̀ náà, ṣé wọ́n mọ̀?"

"Rárá. Inú bí wọn pé wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó dé ilé."

"Wọ́n wà láàyè?"

"Bí mo ṣe gbọ́."

"Bí ẹ bá sì ti dákẹ́, wọn ì bá ṣì wà láàyè."

"Ó ṣeé ṣe."

"Ẹ̀yin ì bá sì ti bá a."

"Ó ṣeé ṣe."

"Ó ṣeé ṣe, ó ṣeé ṣe," ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì ti gòkè padà sí ibi tí mo mọ̀ ọ́n sí. "Ẹni tó kàwé tó báyìí, kò sí ohun tó dá yín lójú!"

Mo ní ohun kan dá mi lójú. Omi bo ilà pupa náà mọ́lẹ̀.

Ó dìde, ó lọ sí ìdáná, mo gbọ́ tó ń wá àwo. Ó padà wá pẹ̀lú omi àti àwo méjì, ó da gàrí tó gbé wá sínú wọn, ó sì jókòó sí orí àga tó kọjú sí mi.

"Ẹ tún ọ̀rọ̀ omi yẹn sọ fún mi," ni ó wí. "Láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà yẹn lórí fóònù, mi ò gbọ́ ọ. Mo ń bínú."

Mo tún un sọ. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ọkọ̀ kékeré náà, bí okùn ṣe ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ àti bí ìgbì ṣe lè gbá a mọ́ ara ìyá rẹ̀. Ó bi mí bóyá àwọn tó wà nínú rẹ̀ ní ìyàwó. Mo ní ọ̀pọ̀ nínú wọn ní. Ó bi mí bóyá omi òkun tutù. Ó bi mí bí ènìyàn ṣe ń pẹ́ tó nínú rẹ̀ kí apá rẹ̀ tó kọ̀ fún un. Mo dáhùn gbogbo rẹ̀, gàrí ti wú nínú àwo mi kí n tó rántí rẹ̀.

"Ó yé mi," ni ó wí nígbà tí mo parí. "Inú ṣì ń bí mi o."

"Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n."

"Mi ò mọ ìgbà tí yóò tán."

Ó di àwọn aṣọ náà sí ẹrù méjì, ó ní òun yóò padà wá kó ìkejì. Mo gbé ti àkọ́kọ́ fún un dé ẹnu títì, mo sì bá a pe zẹ́mì tó ń lọ sí Sakété.